Ládélé Kò Gbọdọ̀ Kú

Jẹjẹrẹ ìdí ti gbé Ládélé dè mọ́ ibùsùn. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí wọn yóò sin ín sí. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí gbogbo wọn bọ́ síta, kí ó ku òun àti Rachael, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, opó Bọ́lárìnwá, ẹ̀gbọ́n Ládélé tí inú rírun pa lójijì lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

Rachael pẹ́ nínú yàrá náà. Nígbà tí ó jáde, ojú rẹ̀ gbẹ táútáú.

"Ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ kankan," ó ní. "Kò níí kú."

Ọjọ́ kejì ló gbé e lọ sí ọsibítù ńlá kan. Dókítà wò ó, ó mi orí: ara aláìsàn kò lè gba iṣẹ́ abẹ mọ́.

"Àfi ohun kan," ni dókítà wí. "Ẹ jẹ́ ká gé bíńtín lára kókó jẹjẹrẹ náà, ká yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní àmì kan. Bó bá ní in, abẹ́rẹ́ wà tí yóò ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ láti bá jẹjẹrẹ jà. Bí kò bá ní in, asán ni abẹ́rẹ́ náà. Mà, àwọn tó ní in kò pọ̀ o."

"Ẹ gé e."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi retí èsì. Rachael ń gbààwẹ̀, ó ń fi ṣíbí fún Ládélé ní ògì.

"Ìyá Táyọ̀, ẹ jẹ́ kí n kú sí ulé," Ládélé bẹ̀ ẹ́. "Lẹ́yìn ohun tí mo bá yín sọ, kí lẹ tún ń wá lọ́dọ̀ mi?"

"Ẹ gbé ògì yín mì."

Èsì dé: kókó náà ní àmì. Rachael kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì ọsibítù, ó sunkún.

Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹfà tí wọ́n ti ń gún un, abẹ́rẹ́ ti yọ́ kókó náà pátápátá.

"Ọdún mélòó ló tún lè lò?" Rachael béèrè.

"Ó lè tó ogún ọdún, mà."

"Ẹ ṣeun."

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Ládélé fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó di ọwọ́ Rachael mú níwájú ìjọ, ó ní obìnrin yìí ló gba ẹ̀mí òun là.

Ní ọjọ́ Ajé, Rachael wọ àgọ́ ọlọ́pàá, ó gbé fóònù sórí tábìlì ọ̀gá wọn, ó sì jẹ́ kí ohùn Ládélé fúnra rẹ̀, tí ó gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n jọ wà nínú yàrá, ròyìn bí ó ṣe da májèlé sínú àgbo Bọ́lárìnwá. Òkú kì í ṣẹ̀wọ̀n.