Ètò Tó Ń Gbé Fáìlì Mì Lódindi

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ iṣẹ́ yín wò. Inú mi ò dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn ńlá kan. Kíákíá ni wọ́n ń pè é. Òun ló kọ ètò tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wá oògùn tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ lò. Inú fáìlì kan ṣoṣo, irú èyí tí wọ́n ń pè ní XML, ni àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn wà. Kí ètò yìí tó dáhùn ìbéèrè kan, á kọ́kọ́ kó gbogbo fáìlì náà sínú mẹ́mórì kọ̀ǹpútà. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ mu ife omi kan, tó wá gbé odidi àmù dà sẹ́nu.

Fáìlì kékeré ló fi dán an wò, ó sì dáhùn lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá kí i ẹ káàárọ̀, ọ̀rọ̀ ètò rẹ̀ ni yóò fi dá yín lóhùn.

2.
Fáìlì ń tóbi sí i. Ìyá Ìbejì, tí wọ́n jọ wà ní ọ́fíìsì kan náà, bá a sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tún un kọ, kó máa ka fáìlì yẹn díẹ̀díẹ̀, kó máa gbé èyí tó bá ti kà kúrò nínú mẹ́mórì. Láìpẹ́, mẹ́mórì kò ní gbà á mọ́."

"Ìyá Ìbejì, ẹ̀rù yín ti pọ̀ jù. Ẹ ní kí wọ́n ra mẹ́mórì kún un."

Wọ́n rà á. Fáìlì tún tóbi jù ú lọ.

3.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé obìnrin kan wọlé tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n Kíákíá ni, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Nọ́ọ̀sì rí káàdì nínú báàgì rẹ̀, ó fi nọ́ńbà rẹ̀ wá àkọsílẹ̀. Kọ̀ǹpútà dákẹ́. Nọ́ọ̀sì pe Kíákíá lórí fóònù.

"Ọ̀gá, kò dáhùn o. Dókítà ń dúró."

"Ẹ tún un tẹ̀."

"A ti tẹ̀ ẹ́ títí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀ wá wò ó."

"Mo ní ẹ tún un tẹ̀. Kò sí nǹkan tó ṣe ètò mi."

Kò béèrè ta ni aláìsàn náà. Ẹ sì wò ó, gbogbo ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá tún un tẹ̀ ni ètò náà ń kó odidi fáìlì lé orí ti tẹ́lẹ̀, títí mẹ́mórì fi kún, tí kọ̀ǹpútà sì daṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Dókítà ò lè dúró mọ́. Ó fún obìnrin náà lábẹ́rẹ́.

4.
Nígbà tí Kíákíá fi máa sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ bo obìnrin náà lójú. Ó ṣí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rí.

"Abẹ́rẹ́ wo lẹ fún un?"

Nọ́ọ̀sì dárúkọ rẹ̀.

"Ara rẹ̀ ò gbà á. Láti kékeré ni mo ti mọ̀. Ẹ ò bá ti bi mí."

"Ọ̀gá, a pè yín. Ẹ ò béèrè pé ta ni."

Ìyá Ìbejì ti tún ètò náà kọ. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kà á báyìí, kò sì tíì daṣẹ́ sílẹ̀ rí. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n Kíákíá ti wà nínú ilẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ohun kékeré dán ohun ńlá wò kí ẹ wá sùn lọ. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ yín ní àléébù, ẹ dìde lọ wò ó, ẹ má jókòó sórí àga máa pàṣẹ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.