Ìṣísẹ̀ Mẹ́ta Lẹ́yìn Ọkọ

Ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ ń di ara yín lọ́wọ́ mú ní ìgboro, ẹ wá wo ìyàwó gidi.

Ìyá Aránṣọ ń tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

Èrò pọ̀ bí eṣú lẹ́nu géètì ibùdókọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ṣòkòtò funfun iwájú rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó kù lónìí ti ń kùn.

Ó rí ọmọbìnrin kan tó rọ̀ mọ́ ọkọ ara rẹ̀ lápá. Ó pòṣé.

"Má fà á já o! Ogójì ọdún rèé, mi ò bá ọkọ mi rìn dọ́gba rí. Ìdí ṣòkòtò ẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ ní títì!"

"Ẹ kú oríire, Màmá," ni ọmọbìnrin náà fèsì.

Ṣòkòtò funfun dúró, ó yíjú padà.

"Màmá, kí lẹ ń tẹ̀ lé mi fún láti ẹnu géètì?"

Irùngbọ̀n! Ọkọ tirẹ̀ kò ní irùngbọ̀n.

"Ìyàwó tiyín dà?" ni Ìyá Aránṣọ bi ọkùnrin náà.

"Ó ń bọ̀ lẹ́yìn."

Àwọn méjèèjì wẹ̀yìn. Kò sẹ́nìkan.

Bọ́ọ̀sì ń jáde lọ. Ọkọ Ìyá Aránṣọ jókòó síwájú nínú ṣòkòtò funfun tirẹ̀, ó gbórí sókè bí ọba, kò wẹ̀yìn.

Obìnrin kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó tẹrí ba, ìyàwó rere.