Bàbá Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Gbé Wálé

Ní ibùdókọ̀ kan ní Old Kent Road ní London, akẹ́kọ̀ọ́ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá onífìlà tó jókòó ti àpótí rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, Bàbá! Mummy ní kí n wá mú yín."

"O dẹ̀ pẹ́ o! Wò ó bó o ṣe jọ bàbá ẹ!"

Akẹ́kọ̀ọ́ ò béèrè orúkọ. Ọmọ wo ló ń bi àgbà pé ta ni yín? Wọ́n ti kọ́ ọ nílé kó tó dé yunifásítì.

Ní Peckham, gbogbo ẹbí tó pé jọ kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún tí Mummy ti rí Alhaji Làtíìfù, àbúrò bàbá rẹ̀, gbẹ̀yìn. Irùngbọ̀n sì lè yí èèyàn padà. Bàbá wúre fún wọn títí. Itan adìyẹ kejì ló wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí fóònù Mummy dún.

"Mìsítúrà, èmi Làtíìfù ni. Ọmọ ẹ ti wá mú mi ní ibùdókọ̀, mo sì ti jẹun yó. Ṣùgbọ́n ìwọ gan-an dà? Nínú gbogbo àwọn tó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi níbí, mi ò tíì dá ẹnì kan mọ̀."