Sípíkà Tí Súnkànmí Rà Ní Bọ́ládé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sá lọ. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, torí ìsàlẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

1.
Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ni Súnkànmí ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìsọlọ̀. Yàrá kan ṣoṣo lòun, Kúnbi ìyàwó rẹ̀ àti Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ọmọ wọn ń gbé. Màmá rẹ̀ náà wá bá wọn láti Ìkirè nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Ìyá yìí ló dá tọ́ ọ, dòdò Ìkirè ló ń dín tà títí ọmọ fi jáde ìwé mẹ́wàá. "Àjàní" ló máa ń pè é.

Tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù, yàrá Olúsànyà, ará iwájú, ni Súnkànmí ti ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n onísípíkà. Lọ́jọ́ kan, Olúsànyà sọ lójú gbogbo èèyàn pé, "Súnkà, ṣé ìwọ ò lè ra tìẹ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó.

2.
Òun àti Kúnbi jọ lọ sí Bọ́ládé ní Òṣòdì. Alameen tó ń ta ẹ̀rọ gbé tẹlifíṣọ̀n onísípíkà méjì síta: kékeré kan tó tuntun, àti tòkunbọ̀ ńlá tí sípíkà rẹ̀ ga dé ìdí èèyàn. Ọkọ̀ ń fun fèrè, jẹnẹrétọ̀ ń ké, kọ̀ńdọ́ ń pariwo. Wọ́n tan kékeré, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n tan ńlá, àyà gbọ̀n!

"Èyí lọkùnrin ń rà!" Súnkànmí ló sọ bẹ́ẹ̀.

Kúnbi fà á láṣọ. "Dádì Ìmọ́lẹ̀, ariwo títì ni ò jẹ́ ká gbọ́ kékeré yẹn o. Ẹ jẹ́ ká gbé e wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ká ti ilẹ̀kùn. Yàrá kan la ní. Ká fi ṣéńjì ra ọ̀pá ìtilẹ̀ onírọ́bà fún Màmá, ilẹ̀ balùwẹ̀ yẹn ń yọ̀."

"Màmá á gba ọ̀pá lóṣù tó ń bọ̀. Gbẹ́nu ẹ dákẹ́!"

Ó san gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi: ariwo Òṣòdì ló fi díwọ̀n ohun tó ń gbé lọ sínú yàrá kan!

3.
Àwo ń mì lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn ayálégbé yòókù bẹ̀ ẹ́ títí. Màmá ní, "Àjàní, dín in kù, àyà mi ń já."

"Màmá, ẹ jẹ́ n jayé orí mi."

Nígbà tó yá, tó bá ti tan án ní Sátidé, gbogbo ayálégbé yòókù á jáde lọ. Ó ní ìlara ló ń pa wọ́n. Oṣù tó ń bọ̀ dé, ó kọjá, a ò rí ọ̀pá.

4.
Ní Sátidé kan, Kúnbi gbé ọmọ lọ sí Aswani lọ ra ọjà. Yàrá kún fún ọ̀rẹ́. Olúsànyà gan-an wà níbẹ̀, inú Súnkànmí sì ń dùn ṣìnkìn. Màmá gbé bákẹ́ẹ̀tì, ó lọ wẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Kúnbi dé, ó kí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Inú bí i, ó fa wáyà yọ lára ògiri. Ilé pa lọ́lọ́.

"Kúnbi, ṣé orí ẹ dàrú ni?"

Kó tó dáhùn, gbogbo wọn gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìnkùlé, ohùn tó ti há pátápátá: "Àjàní o... Àjàní o..."

Wọ́n já ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Màmá wà nílẹ̀, ọṣẹ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Egungun ìbàdí ti kán.

Súnkànmí bú sẹ́kún. "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè mí?"

Ìyá wò ó. "Àjàní, mo pè ọ́."

Súnkànmí ta sípíkà náà, ilé ìwòsàn gba owó rẹ̀. Ó ra ọ̀pá onírọ́bà náà. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló wà títí dòní, torí Màmá ò lè dìde mọ́ láti dì í mú.

Ẹ̀yin tówó yín ò pọ̀, mo bẹ̀ yín, kò sí ìtìjú nínú kékeré. Kí ẹ tó sanwó, ẹ rántí bí yàrá yín ṣe tó, àti ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Ẹ má ra ohun tí yóò bo ohùn ẹni tó bí yín mọ́lẹ̀. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń múra láti lọ ra tirẹ̀ lónìí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.