Ẹkún Ìyàwó tí Titus Fúnra Rẹ̀ Hun

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á dé ìparí, kí ẹ sì kà á sétí ọmọ yín tó wà nílé ìwé.

1.
Ní ayé òyìnbó, nígbà tí kòkó gbówó lórí, àgbẹ̀ kan wà ní Àpòmù tí wọ́n ń pè ní Oyèwùmí. Owó kòkó ló fi rán Titus ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé gíga kan ní Ìkirè. Orí ọmọ náà pé. Ó sì mọ̀ pé orí òun pé. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ní ọdún tí Titus máa jáde, Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin, ọ̀gá tó ń kọ́ wọn ní lítíréṣọ̀, fún wọn ní iṣẹ́ àṣekágbá.

"Kí kálukú lọ bá àgbà ilé rẹ̀. Ẹ kọ ewì ẹnu wọn sílẹ̀ bí ẹ bá ṣe gbọ́ ọ, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ má fi tiyín kún un."

Èyí kò le fún Titus rárá. Àṣíáwù, ìyá tó bí bàbá rẹ̀, ló ń kọ́ gbogbo ọmọbìnrin agbo ilé wọn ní ẹkún ìyàwó, èyí tí wọ́n fi ń tọrọ ìre lọ́wọ́ òbí kí wọ́n tó lọ ilé ọkọ. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá ti kú tán. Àwọn obìnrin ilé tó kù, ẹsẹ kan, ẹsẹ méjì ni wọ́n mọ̀.

Nígbà ìsinmi, Titus bá ìyá àgbà níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó.

"Jókòó, ọkọ mi," ni ìyá wí. "Ó gùn o. Ṣùgbọ́n bí o bá fara balẹ̀, màá sun ún fún ọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin."

"Màmá, ẹ jẹ́ ó di ọ̀la. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń dúró dè mí ní Gbọ̀ngán."

Ọ̀la dé, ó tún fi dọ̀la. Ìyá pè é títí, ó sú wọn.

2.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá Àṣíáwù jí, apá kan ara wọn kò ṣeé gbé mọ́. Ẹnu wọn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ń gbọ́ ohun gbogbo, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde. Titus dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Kò sunkún. Ó kàn ń rò pé ọjọ́ tí ọ̀gá máa gba iṣẹ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Dípò kó jẹ́wọ́ fún ọ̀gá, ó hun ẹkún ìyàwó tirẹ̀, ó ní ẹnu ìyá àgbà lòun ti gbọ́ ọ:

"Ọmọ olóko kòkó ni mí, n kò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Kò sóhun tí mo gbàgbé sílé yìí tí màá padà wá mú."

Ọ̀gá kà á, inú rẹ̀ dùn. Wọ́n fún Titus lẹ́bùn níwájú gbogbo ilé ìwé. Bàbá rẹ̀ jó. Titus bọ ọ̀gá lọ́wọ́. Ó dà bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló fi bọ̀ ọ́.

3.
Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìgbéyàwó Adéfúnkẹ́, àbúrò Titus, dé. Ọ̀dọ̀ àǹtí wọn ní Ìkòyí ló dàgbà sí. Kò kọ́ ẹkún lẹ́nu ìyá rí.

"Kí ló ń dà yín láàmú?" ni Oyèwùmí wí. "Ṣebí Titus ti kọ ọ́ sílẹ̀. Titus, kọ́ àbúrò rẹ."

Titus ìbá jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ó lọ mú ìwé rẹ̀ wá. Ó kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ ìyàwó, Adéfúnkẹ́ kúnlẹ̀ níwájú ẹní ìyá àgbà, kí wọ́n lè gbé ọwọ́ tó ṣì lágbára lé e lórí, kí wọ́n súre fún un. Ìyá ti na ọwọ́. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹkún: "N kò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni..."

Ọwọ́ náà dúró. Ìyá wo ọmọ, wọ́n wo Titus. Wọ́n fa ọwọ́ wọn padà, wọ́n kọjú sí ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo ṣe fún Màmá?" Omijé gidi ti bọ́ lójú Adéfúnkẹ́.

"N kò mọ̀," ni Titus dáhùn.

Wọ́n sin ìyàwó lọ láìgba ìre. Oṣù yẹn kò parí tí ìyá Àṣíáwù fi kú.

4.
Titus di tísà. Títí di ìgbà tó darúgbó, irọ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin ilé wọn ń sun bí wọ́n bá ń lọ ilé ọkọ. Wọ́n ní ti Ìyá Àṣíáwù ni. Yóò jókòó láàárín èrò, yóò máa pàtẹ́wọ́. Kò dùn ún, kò sì dùn mọ́ ọn.

Adéfúnkẹ́ kò wálé mọ́. Ó gbà pé ìyá kórìíra òun wọ sàréè. Titus mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè wo ọgbẹ́ yẹn sàn. Kò sọ ọ́ rí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ jáde, mo bẹ̀ yín, bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ gbọ́ tẹnu àgbà, ẹ lọ lónìí. Bí ó bá sì ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́wọ́ pé ó bọ́. Ẹ má fi irọ́ dí àyè rẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni yóò san gbèsè rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.