Sípíkà Ọ̀gá Ohùn

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, Ọ̀gá Ohùn gbé sípíkà olówó ńlá méjì kalẹ̀ sí pálọ̀ rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ń ti ìrìn àjò bọ̀. Orin gbọ́dọ̀ dùn kí ó tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wàhálà dé.

Ó tan orin. Gbogbo ọ̀rọ̀ ń dún lẹ́ẹ̀mejì.

Ó sún wọn kúrò lára ògiri. Ó kọ ojú wọn sí ibi tí ó lóṣòó sí. Pàbó.

Ó pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ lórí fóònù.

“Ọ̀gá, ẹ̀rọ yín ò lẹ́bi. Ògiri ló ń dá ohùn padà. Àga onítìmùtìmù, kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnì ló máa ń gbé e mì. Ṣé wọ́n wà ńlẹ̀?”

Ọ̀gá Ohùn, ọlọ́gbọ́n àdúgbò, wúkọ́ bí ẹni tí eegun há lọ́fun.

Ilẹ̀kùn ṣí.

“Olówó orí mi, àga mi dà?”

Pálọ̀ náà bá a béèrè: dà, dà, dà.

Àga, kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnì, gbogbo rẹ̀ ló ti tà láti fi ra sípíkà.