Ìwé Tí Clive Kọ̀ Láti Fọwọ́ Sí

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, Viorica gbé ìwé ìkọ̀sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹyin ọkọ rẹ̀, ó sì fi báírò lé e lórí. Clive ń jẹun rẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ni wọ́n ti ń gbé ní Albox, ní gúúsù Sípéènì, nínú ilé funfun kan tó ní igi álímọ́ńdì mẹ́rin lẹ́yìnkùlé.

"Fọwọ́ sí i, Clive. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni agbẹjọ́rò máa gbé e lọ sí kóòtù. Mo fẹ́ kó wọlé kí n tó lọ."

"Kí ló ń lé ẹ léré?"

"Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí mo rí ní Áílándì, oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní padà wá mọ́. Nítorí ẹ ni mo ṣe fẹ́ ká ṣe é báyìí. Jẹ́ kí n ṣàlàyé—"

"Nítorí mi!" Clive rẹ́rìn-ín títí ẹyin fi fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun. "Èmi kì í gba ẹ̀kọ́ òfin lẹ́nu ẹni tó ń di kárọ́ọ̀tì sínú ọ̀rá."

Lóòótọ́ ni Viorica di kárọ́ọ̀tì rí. Rùmáníà ló ti wá sí Ìlú Ọba, ó ń di ewébẹ̀ sínú ọ̀rá nílé iṣẹ́ tí Clive ti jẹ́ ọ̀gá, ibẹ̀ ni Clive ti rí i tó sì fẹ́ ẹ. Nígbà yẹn, Clive máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ti dìbò kí àwọn àjèjì lè dínkù. Lẹ́yìn náà ló ta ilé rẹ̀, tó kó ẹrù rẹ̀ wá sílùú onílùú nítorí oòrùn. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi ra ilé Albox, kò sì sí ọjọ́ kan tó jẹ́ kí Viorica gbàgbé pé òun ló gbé e débẹ̀.

Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, èdè Sípéènì tó wọ Clive létí kò ju èyí tí wọ́n fi ń béèrè bíà lọ. Viorica ló mú un lọ sí ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú nígbà tí wọ́n dé. Viorica kọ gbogbo fọ́ọ̀mù, Clive sì fọwọ́ sí ibi tí ó bá nàka sí. Wọ́n gba ìtẹ̀ka Clive, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì ṣe káàdì líle tó ń dán fún un. Ti Viorica kò ju bébà aláwọ̀ ewé kékeré kan lọ, kò ní fọ́tò, wọn kò tilẹ̀ béèrè ìka rẹ̀. Clive a máa mú bébà náà jáde tí àlejò bá wá.

"Ẹ wo tèmi, ẹ wo tiẹ̀," a sì wí. "Ìjọba náà mọ ẹni tó ṣe pàtàkì."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì náà, ó gba ilé bíà lọ bá Glyn, ọmọ ilẹ̀ Wéèlì ní Ìlú Ọba tó ti ń gbé Albox láti ogún ọdún, tó sì fẹ́ràn àti máa ka òfin. Ó béèrè ohun tó lè máa mú obìnrin kánjú kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kó lọ.

"Ẹni tó ń gbélùú lórí ìwé ọkọ tàbí aya ni ọ̀rọ̀ yìí kàn," Glyn ní. "Tí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ bá wọ kóòtù kí ẹnikẹ́ni tó kó lọ, wọn ò lè lé ẹni náà, torí ẹ ti fẹ́ra ju ọdún mẹ́ta lọ. Tí ẹnì kan bá kó lọ kí ìwé tó wọlé, ó tán nìyẹn."

Clive fọwọ́ gbá tábìlì. "Mo mọ̀! Ó fẹ́ lọ kówó ní Áílándì, kó tún máa padà wá yáàrùn ní Sípéènì mi."

"Ta wá ni onígbọ̀wọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì, tí ẹnì kejì ń gbélùú lórí ìwé rẹ̀?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn, Glyn? Ṣé bíà ti ń gùn ẹ́ ni?"

Glyn gbé ife rẹ̀, ó mu ún.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Viorica tún gbé ìwé náà wá, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni Clive fi gbé ife tíì lé e. Nígbà tó rí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú lórí tábìlì, ó yà á ní fọ́tò fi ránṣẹ́ sí Glyn. "Ẹni tí a fẹ́ sun jẹ, ó tún ń fepo para," ló kọ sábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ó ń lọ, Viorica dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí rẹ̀.

"Mo bẹ̀ ẹ́ o, Clive."

"Bá mi kí àwọn arúgbó Áílándì."

Viorica ju báírò náà sínú àpò rẹ̀, ó sì wọ takisí.

Ní ọjọ́ kẹta, Clive wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa, ó mú fọ́tò kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ Viorica tó ṣófo àti ti tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó sì lọ sí ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú láti fẹjọ́ sùn. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀.

"Ṣé ó dá yín lójú pé ìyàwó yín ti kó lọ pátápátá, sà?"

"Pátápátá."

"Ṣé kò sí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ kankan ní kóòtù?"

"Rárá o! Èmi fúnra mi ni mo rí sí i."

Ọmọbìnrin náà tẹ ọ̀rọ̀ náà síwèé, ó sì tì í síwájú rẹ̀. Èyí ni Clive fọwọ́ sí láìjanpata.

Lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́tà ìjọba dé. Kò sí ẹni tí yóò kà á fún un nílé mọ́, nítorí náà ó gbé e lọ sílé bíà, ó ra ọtí fún gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, ó sì ní kí Glyn kà á sókè bí wọ́n ṣe lé Viorica, kí gbogbo ayé lè gbọ́.

Glyn kà á lẹ́ẹ̀mejì sínú kó tó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn: níwọ̀n bí Ìlú Ọba ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù kí Clive tó dé, tí ó sì jẹ́ pé Viorica, ọmọ orílẹ̀-èdè tó ṣì wà nínú ẹgbẹ́ náà, ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti fọwọ́ sí i pé onígbọ̀wọ́ náà ti kó lọ láìsí ìwé kankan ní kóòtù, kí Clive dá káàdì líle rẹ̀ padà, kí ó sì kúrò ní Sípéènì kí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé.